Àǹtí, Ṣé Sídì Wa Ṣì Wà?

Ọdún kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń padà wá. Ẹni tó tẹ ìwé ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ṣómólú, tó kó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó pín in fún èrò, tí a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, yóò ṣàdédé yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìrántí. Fọ́tò bàbá tó wà nínú fóònù ti bá fóònù lọ sọ́wọ́ olè. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀, omi òjò ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti fárí gá pé fọ́tò tí bàbá ti wọ ẹtù yẹn gan-an ni òun fẹ́ níwájú ìwé. "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé sídì wa ṣì wà?"

Sídì máa ń wà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún, àfi tí a bá kì í bọnú kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ gíráfíìsì ni mo kọ́, òun náà ni mo ń ṣe jẹ. Ẹni tó bá ti ya Bajulaiye rí mọ̀ pé ìwé títẹ̀ ni Ṣómólú ń jẹ, òun ló ń mu. Ẹnì kan ń ta pépà, ẹnì kejì ń ṣe pléètì, ẹnì kẹta ń fi gìlótíìnì gé etí ìwé, ariwo máṣìnì Kord ò sì ní jẹ́ kí o gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ ń sọ. Kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, pósítà olóṣèlú, ibí ni wọ́n ti ń jáde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, flópì la fi ń gbé iṣẹ́ lọ bá àwọn tó ń yọ fíìmù, ẹyọ flópì kan ò sì gbà ju 1.44 MB lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo lè kún un. Sídì wá dé, ẹyọ kan gba 700 MB, owó rẹ̀ ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Bí a bá ti parí iṣẹ́ kọ́sítọ́mà, a ó bọ́ọ̀nù rẹ̀ sórí sídì, a ó kọ orúkọ sí i, a ó jù ú sínú páálí, a ó sì pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí àyè lè wà fún ti ẹlòmíràn. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe nìyẹn.

Ní Bàrígà tó múlé gbè wá, àwọn oní-fídíò kọ́fárééjì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú dífídì ìgbéyàwó. Àwọn tó ń tẹ̀wé fún ọmọ yunifásítì lọ́nà Àkókà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú próójẹ́ẹ̀tì. Ti àwọn ọmọ sítúdíò ò tiẹ̀ ṣeé sọ. Nígbà tí 9ice, olórin tó dàgbà ládùúgbò wa, gbé "Gongo Aso" jáde ní 2008, kò sí ọmọ tó lè lanu kọrin ní Bàrígà tí kò ní démò lórí sídì nínú báàgì rẹ̀. Mélòó nínú démò wọ̀nyẹn ló ṣì ń ṣí lónìí? Mo lérò pé ìtàn orin àdúgbò kan ti bá páálí lọ, kò sì sẹ́ni tó ké.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀ ń kó pamọ́ náà. Sídì orin tí ẹ rà láti ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ara ike rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti tẹ orin mọ́lẹ̀, ní kòtò kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí. Èyí tí à ń kọ fúnra wa yàtọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ Japan kan tó ń jẹ́ Taiyo Yuden ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1988. Ike líle ló wà nísàlẹ̀, ó nípọn ju mìlímítà kan lọ díẹ̀. Aró tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí ike yẹn. Fàdákà tàbí wúrà tó fẹ́lẹ́ gan-an wà lórí aró kí ó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Fánìṣì ló wá bo gbogbo rẹ̀ lókè. Tí a bá ń bọ́ọ̀nù, iná lésà inú dúráìfù á máa fi ooru jó aró náà lójú níbi tó bá yẹ. Ibi tó jó á ṣú, ibi tí kò fọwọ́ kàn á mọ́. Tí a bá wá fẹ́ kà á, lésà á rọra tàn, kò ní jó nǹkan mọ́, á kàn máa wo ibi tó ṣú àti ibi tó mọ́. Fọ́tò bàbá nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Aró ni, aró kò sì bá oòrùn ṣọ̀rẹ́. Àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé adìrẹ tó bá ń pẹ́ jù lójú oòrùn á ṣá. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró orí sídì ń ṣá, tí ibi tó yẹ kó ṣú àti ibi tó yẹ kó mọ́ á wá máa jọra, tí lésà á sì máa ṣìnà. Ẹni tó fi sídì sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ láti Ọ̀nípánu dé Lẹ́kí, tí gósíló sì dá a dúró lójú oòrùn, ti ń pa fáìlì ara rẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún wo bí mo ṣe tò ó: ike tó nípọn wà nísàlẹ̀, fánìṣì nìkan ló wà lókè. Ojú tó ń dán ni gbogbo ènìyàn ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ojú òkè sídì, níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, ló yára bàjẹ́. Ohun tó bá ha ike lè máà débi aró. Ohun tó bá ha fánìṣì ti kan fàdákà. Ti dífídì sàn díẹ̀, nítorí ike méjì ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, aró àti fàdákà wà láàrin wọn. Àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, torí gọ́ọ̀mù náà lè já.

Lórí ọ̀rọ̀ ojú òkè yìí, àwọn ọ̀dọ́ oní-fídíò Bàrígà ló ń bá mi fà á jù. Wọ́n fẹ́ràn sítíkà. Wọ́n á tẹ fọ́tò ọkọ àti ìyàwó sórí pépà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, wọ́n á fi òdòdó yí i ká, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú dífídì. Ọ̀kan nínú wọn gbé irú rẹ̀ wá bá mi.

"Mọ́mì, ẹ ẹ̀ kú iṣẹ́ o. Ó kàn ń dún gìrìgìrì nínú dúráìfù ni, kò kà."

Mo gbà á, mo dọ́gba rẹ̀ mọ́ ojú mi. Ooru ti fa sítíkà náà, etí kan ti ká sókè, àwo ọ̀hún ti tẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń yí kíákíá nínú dúráìfù, tí kò sì tẹ́jú, báwo ni lésà ṣe fẹ́ tọ̀ ọ́?

"Ṣé kí n ṣí i kúrò, mà?"

"Fi sílẹ̀! Má fọwọ́ kàn án."

Mo wá fa sídì àtijọ́ kan yọ nínú páálí mi, èyí tí kọ́sítọ́mà kan ti ṣí sítíkà lára rẹ̀ kí ó tó gbé e wá. Mo gbé e sókè sí gílóòbù. Iná ń wọlé lápá kan, ó rí gbẹ̀ngbẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Fàdákà ti bá gọ́ọ̀mù lọ, aró sì ti bá fàdákà lọ. Kò sí sọ́fítíwíà kan láyé yìí tó lè ka ohun tó wà níbi tí ojú ti ń rí gílóòbù. Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní, "Àwọn ìyàwó ló máa ń béèrè fún fọ́tò o, mà." Mo ní kó lọ ra dífídì tí ojú rẹ̀ funfun, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní printable, kí máṣìnì tẹ fọ́tò náà sójú rẹ̀ tààrà, tàbí kó fi fọ́tò sára páálí ìta, kí ó fi àwo inú rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀.

Orúkọ náà ní bí a ṣe ń kọ ọ́. Bíírò kò dára, ẹnu rẹ̀ ń tẹ fánìṣì wọnú. Máákà tó ń rùn bíi kẹ́míkà náà kò dára. Máákà olómi, tí ẹnu rẹ̀ rọ̀, la fi ń kọ ọ́. Fred Byers, tó kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ìtọ́jú sídì àti dífídì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní 2003, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NIST, sọ pé ibi tí ike rẹ̀ mọ́ gaara nítòsí ihò àárín ni kò léwu jù láti kọ nǹkan sí. Ibẹ̀ ni mo ń kọ ti èmi sí: orúkọ ìdílé, oṣù, ọdún. Tí ẹ bá fẹ́ nu ún, láti ihò àárín lọ sí etí ni kí ẹ nu ún, ẹ má fi aṣọ pòyì lórí rẹ̀. Ìlà tó bá gba ọ̀nà kan náà tí lésà ń gbà yí ló ń ṣe é lọ́ṣẹ́ jù. Tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́ nínú páálí rẹ̀, ẹ tẹ eyín àárín páálí mọ́lẹ̀ kí ó tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi agbára fà á létí títí tó fi ń há, ẹ dákun.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé sídì kì í ké tí ó bá ń ṣàìsàn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àléébù á wà, wọ́n wá há ìṣirò kan mọ́ ọn nínú tó ń bá a tún ohun tó sọnù kọ. Ìlànà wọn ni pé bí ìdì dátà tó ní àṣìṣe kò bá ti ju 220 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sídì náà ṣì yè kooro. Orin á máa lọ geere, fọ́tò á ṣí, ẹ ò ní fura. Ó lè ti máa kú lọ fún ọdún púpọ̀ kí àṣìṣe tó ju ohun tí ìṣirò lè tún ṣe. Lọ́jọ́ yẹn ni kò ní ṣí mọ́, tí kọ́sítọ́mà á sì kojú sí mi: "Ṣebí ó ṣí lọ́dún tó kọjá?" Òótọ́ ni, ó ṣí. Àwọn sọ́fítíwíà kan wà tó lè ka iye àṣìṣe náà jáde, bíi Nero DiscSpeed, bí dúráìfù yín bá gbà fún wọn. Kì í ṣe gbogbo dúráìfù ló ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ Èkó. Ìwé Byers yẹn ní kí á tọ́jú àwo síbi tí ooru rẹ̀ wà láàrin 4 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì wà láàrin 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín ni mo rín. Ọ̀rinrin tiwa níbí sábà máa ń kọjá 80, ọ̀sà wà lẹ́yìn Bàrígà níbẹ̀ yẹn. Ta ló ní eesí tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní Ṣómólú? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ló tiẹ̀ fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí sídì?

Ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Ní 2001, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láti Spéènì ròyìn sídì kan tó bàjẹ́ ní orílẹ̀-èdè Belize, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n wò ó nínú ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi: irú ohun tó ń mú oúnjẹ bu, tí wọ́n pè ní irú Geotrichum, ti gba etí sídì náà wọlé, ó ti jẹ ike, ó ti jẹ irin inú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń wo etí sídì dáadáa.

Ohun tí apá wa ká la ó ṣe. Ẹ má gbé e sórí wọ́dúróòbù lábẹ́ páànù, ooru ọ̀sán á sè é níbẹ̀. Ẹ má tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá wà ní Ìlàjẹ Bàrígà lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, nígbà tí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Èkó lọ, kò nílò àlàyé. Ibi tó dára ni àárín kọ́bọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri inú ilé, èyí tí oòrùn kì í kàn, tó jìnnà sí fèrèsé àti ibi ìdáná. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á wà nínú páálí ike líle tirẹ̀, wọ́n á sì nàró lórí ìdúró bí ìwé ṣe ń dúró nínú ṣẹ́ẹ̀fù, torí èyí tó bá sùn fún ọdún púpọ̀ lè tẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù onínáílọ́ọ̀nù tí gbogbo wa fẹ́ràn yẹn, ooru Èkó á jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ àwo. Fún ti ìdílé mi, gbogbo páálí náà wà nínú abọ́ ike ńlá tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, mo sì kó àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, èyí tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Wọ́n ń yó, nítorí náà mò ń pààrọ̀ wọn. Fíríìjì ńkọ́? Ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Rárá. Ẹ gbé ohun tútù jáde sínú ooru Bàrígà, kí ẹ wo omi tó máa sẹ̀ sí i lára.

Irú àwo tí ẹ rà kí ẹ tó kọ nǹkan sí i ti pinnu ìdajì ọ̀rọ̀. Aró inú rẹ̀ pé oríṣi. Èyí tí wọ́n ń pè ní cyanine máa ń fún ìsàlẹ̀ sídì ní àwọ̀ ewéko tó fẹ́ jọ búlúù. Azo máa ń dúdú bí ẹlú. Phthalocyanine fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ rárá. Ìwádìí tí àwọn ará NIST gbé jáde ní 2004 kó oríṣiríṣi sínú ooru, ọ̀rinrin àti iná. Èyí tó lo phthalocyanine pẹ̀lú irin tí wọ́n fi wúrà àti fàdákà pò ló forí tì í jù. Àwọn tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá ní Kánádà, CCI, tilẹ̀ sọ pé sídì tó ní phthalocyanine àti wúrà lè ju 100 ọdún lọ, ṣùgbọ́n dífídì onífàdákà tí à ń kọ fúnra wa, ọdún 10 sí 20 ni wọ́n fún un. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ohun tí ojú àwọn ti rí ni ọdún 2 sí 5, ohun yòówù kí ilé-iṣẹ́ kọ sára páálí. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ni mo gbà gbọ́, torí òun ló bá ohun tó ń jáde nínú páálí mi mu.

Orúkọ ara páálí kì í sì í sọ ẹni tó ṣe àwo. Ẹni tó ń ta orúkọ lè lọ ra àwo lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ayédèrú tún wà lọ́jà. ImgBurn, tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, á fi àmì ẹni tó ṣe é gan-an hàn yín tí ẹ bá kì í bọnú dúráìfù. Tí ẹ bá wá fẹ́ bọ́ọ̀nù, ẹ má fi eré tó ga jù ṣe é. Ẹ jẹ́ kó rọra lọ, ẹ parí rẹ̀ pátápátá kí ẹ má ṣe ṣí i sílẹ̀ de fáìlì mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá tán. Ẹ fi UPS tàbí ínfátà gbè é, nítorí bí NEPA bá mú iná lọ láàrin, àwo yẹn ti di ohun tí à ń gbé kọ́ọ̀bù lé.

Àwo kan tún wà tí wọ́n ń pè ní M-DISC, tí kò lo aró rárá, tí àwọn tó ṣe é sọ pé yóò lo 1,000 ọdún. Ilé-iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀, Millenniata ní Utah, kógbá sílé ní 2016. N kò sọ nǹkan kan.

Ní 2006, Kevin Bradley kọ ìwé kan fún UNESCO lórí ewu fífi sídì àti dífídì báyìí ṣe ibi ìpamọ́, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí kò bá ní bí yóò ṣe máa yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè kò gbọ́dọ̀ gbára lé wọn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ̀dà méjì, orí àwo tí ilé-iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé àbúrò mi ní Ìkòròdú, ẹ̀dà kẹta nínú háádì dísìkì. Fláàṣì kì í ṣe arọ́pò. Èyí tí ẹ bá tì sínú dúrọ́ọ̀ tí ẹ ò kì bọ kọ̀ǹpútà fún ọdún púpọ̀ lè gbàgbé ohun tí ẹ fún un. Tí ọdún bá ń parí, tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bá ti rọlẹ̀, mo máa ń kó àwọn àwo tó ti pẹ́ jáde, mo á ṣí wọn, mo á da wọn kọ sórí tuntun. Iṣẹ́ tí ń jẹ àsìkò ni, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Ní báyìí mo kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ọdún márùn-ún ni a ó fi tọ́jú fáìlì, lẹ́yìn náà ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ yóò san owó díẹ̀ lọ́dọọdún tàbí kó wá gba ẹ̀dà tirẹ̀. Àwọn kan ń bínú, wọ́n ní Àǹtí ti ń fẹ́ràn owó jù. Àwọn mìíràn ń san án wọ́ọ́rọ́, pàápàá àwọn tó ti pàdánù nǹkan rí.

Ìṣòro tó kù ni dúráìfù. Láptọ́ọ̀pù tuntun ò ní ibi tí à ń ti sídì bọ̀ mọ́. Taiyo Yuden tí mo dárúkọ níṣàájú ti jáwọ́ nínú òwò náà láti 2015; ní oṣù Kejì ọdún 2025, Sony náà ṣíwọ́ ṣíṣe Blu-ray tí ènìyàn lè kọ nǹkan sí. Dúráìfù oní-USB ṣì wà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Tí ẹ bá ní páálí sídì nílé, ẹ lọ ra ọ̀kan nísinsìnyí, kí ẹ sì mú méjì tàbí mẹ́ta nínú sídì àtijọ́ tiyín dání lọ síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tuntun tiwọn dán an wò fún yín. Tí kò bá ka ọ̀kan nínú tiyín, ẹ má sọ sídì náà nù. Ẹ ní kí wọ́n gbé dúráìfù mìíràn wá, nítorí ohun tí ọ̀kan kọ̀ láti kà, òmíràn máa ń kà á.